Akọ́lé ní "ó ti pẹ́ jù": ìgbà wo gan-an ni ọdún ìpẹ̀jọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí o. Ó pé ọdún 8 báyìí tí a gba kọ́kọ́rọ́ ilé wa lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Ní ọdún karùn-ún, ògiri pálọ̀ sán láti igun fèrèsé lọ sókè. Mo pè é, ó wá, ó fi sìmẹ́ǹtì dí i, ó kun ọ̀dà lé e. Kò pé ọdún kan, ibẹ̀ náà tún sán. Ó tún wá dí i. Ní báyìí ilẹ̀kùn yàrá ti wọ́, kò tì mọ́, etí owó ẹyọ sì ń wọ inú ibi tó sán náà. Nígbà tí mo ní màá pè é lẹ́jọ́, ó ní ọdún 6 ni òfin fún mi, ó sì ti kọjá. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ṣé ọjọ́ tí mo gba ilé ni wọ́n ti ń kà á ni, àbí ọjọ́ tí mo rí i pé ògiri sán?"

* * *

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn gan-an ni ẹjọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè pé "ọdún mélòó?", wọn kì í béèrè pé "láti ìgbà wo?" Akọ́lé yín fún yín ní iye ọdún, kò sọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì fi pamọ́ sí.

Aago méjì ló ń rìn lórí ilé kan, lọ́pọ̀ ibi. Aago kúkúrú máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí akọ́lé ba àdéhùn jẹ́, tàbí lọ́jọ́ tí ìbàjẹ́ ṣẹlẹ̀, tàbí lọ́jọ́ tí onílé rí i tàbí tó yẹ kó ti rí i. Òfin ibi tí ilé wà ló ń sọ èyí tó jẹ́. Aago gígùn ní tirẹ̀ kì í wojú ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti parí ló ti ń lọ, ẹ rí nǹkan o, ẹ kò rí nǹkan o. Ọjọ́ tó bá pé, ilẹ̀kùn ti tì, ì báà jẹ́ ọjọ́ kejì ni ògiri wó.

Ẹ wo bí iye náà ṣe yàtọ̀ síra. Ní California, àbùkù tí ojú lè rí ní ọdún 4, èyí tó fara pamọ́ ní ọdún 10, ìgbà tí iṣẹ́ parí ni wọ́n sì ti ń ka méjèèjì. Ní ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ tí onílé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọ́lé ni ọdún 10 bẹ̀rẹ̀ fún ohunkóhun tó bá mì ilé tàbí tó sọ ọ́ di èyí tí kò ṣeé gbé. Jámánì fún onílé ní ọdún 5 láti ọjọ́ ìgbàṣẹ́ bákan náà. Ní Ìlú Ọba, àdéhùn lásán ní ọdún 6, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìwé tí lọ́yà ń pè ní "deed", èyí tí wọ́n fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí, ó di ọdún 12. Òfin Èkó náà fún ẹjọ́ àdéhùn ní ọdún 6.

Nítorí náà, ọdún 6 tó sọ lè jẹ́ òótọ́ níbì kan kó sì jẹ́ irọ́ níbòmíràn. Irú ìwé wo lẹ fọwọ́ sí? Èyí ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ wá jáde.

* * *

Ẹnìkan fèsì pé: "Òfin kankan kò lè máa ka ọdún fún ohun tí èèyàn kò tíì mọ̀. Kò bá ọgbọ́n mu."

Bó ṣe rí lójú tèmi náà nìyẹn tẹ́lẹ̀, kí n tó ka ẹjọ́ Pirelli ti Ìlú Ọba. Ọ̀pá èéfín gíga kan ni, tí wọ́n kọ́ sí ilé-iṣẹ́ ní oṣù kẹfà sí oṣù keje ọdún 1969. Ohun tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin 1970, ó ti sán lókè téńté, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé. Oṣù kọkànlá 1977 ni wọ́n tó rí i. Oṣù kẹwàá 1978 ni wọ́n pe àwọn ẹnjiníà lẹ́jọ́. Ní 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dájọ́ pé 1970 tó sán ni ọdún 6 ti bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọdún 6 náà ti pé kí wọ́n tó fojú kan ohun tí wọn ìbá torí ẹ̀ pẹjọ́.

Ó bí àwọn aṣòfin nínú, wọ́n sì ṣe òfin míràn ní 1986 tó fún èèyàn ní ọdún 3 láti ọjọ́ tó mọ̀, tí kò sì gbọdọ̀ kọjá ọdún 15 lápapọ̀. Onílé púpọ̀ gbọ́ èyí, wọ́n yọ̀. Ẹ rọra o. Ẹjọ́ àìbìkítà, pé ẹnìkan kò fi ìṣọ́ra ṣiṣẹ́, nìkan ni òfin yẹn bo, kò bo ẹjọ́ àdéhùn. Ní 1990 ilé ẹjọ́ yẹn kan náà sì sọ nínú ẹjọ́ Murphy pé owó tí onílé ná láti tún àbùkù ilé ara rẹ̀ ṣe, kò lè fi ẹjọ́ àìbìkítà gbà á padà. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fún onílé, ọwọ́ òsì ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bí lọ́yà kan bá sọ fún yín pé "ọdún 3 láti ọjọ́ tí ẹ mọ̀," ẹ bi í pé: irú ẹjọ́ wo?

* * *

Ó tó ẹni mẹ́ta tó ti kọ ọ́ síbí pé nígbàkúùgbà tí akọ́lé bá wá tún ibi tó sán ṣe, aago tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Èyí ni ìmọ̀ràn tó ń ba onílé jẹ́ jù, mo sì fẹ́ dúró lé e lórí díẹ̀.

Lọ́pọ̀ ibi, ìlérí kì í dá aago dúró. Ní 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ọ́ kedere nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC (ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ilé kíkọ́, ṣùgbọ́n ìlànà náà dé ibẹ̀): bí ẹ bá ń jíròrò, ẹ máa jíròrò lọ, ọdún yín ń lọ. Ní California, àwọn tó ra ilé lọ́wọ́ akọ́lé kan sọ níwájú kọ́ọ̀tù pé ìlérí àtúnṣe tó ń ṣe fún àwọn ló fa àwọn sẹ́yìn. Ẹjọ́ Lantzy nìyẹn, ọdún 2003. Ilé ẹjọ́ gíga jù níbẹ̀ fèsì pé àtúnṣe kò lè fa ọdún 10 yẹn gùn.

Jámánì nìkan ni mo lè tọ́ka sí láìmikàn pé ó ṣe òdì kejì. Ìwé òfin wọn sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sùn náà, aago dúró, àti pé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá já, ó kéré tán ẹ ṣì ní oṣù 3. Òfin tó mọ bí ènìyàn ṣe ń hùwà nìyẹn. Ta ni yóò sáré lọ sí kọ́ọ̀tù nígbà tí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ń sọ pé "ẹ má bínú, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé"?

Níbi tí òfin kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ohun kan ló wà: ìwé. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i pé láti ọjọ́ báyìí títí di ọjọ́ báyìí, òun kò ní fi àkókò tó ń lọ ṣe àwíjàre. Àwọn lọ́yà ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò ju ojú ìwé kan tàbí méjì lọ. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ ti mọ̀ pé ọjọ́ ló ń kà, kì í ṣe àtúnṣe ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀nà kékeré kan ṣì wà. Bí àtúnṣe fúnra rẹ̀ bá jẹ́ iṣẹ́ tuntun tí ẹ sanwó lé, tó sì ṣe é ní ìṣekúṣe, iṣẹ́ yẹn lè ní aago tirẹ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tó fi dí i nìkan ni yóò bo, kò bo ìpìlẹ̀ tó wà nísàlẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí ẹnìkan béèrè pé ṣé mo ti ṣe é rí ni àbí ìwé ni mo ń kà.

Balùwẹ̀ òkè wa ló ń jò sórí àjà yàrá ìjẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ bí àmì tíì tó dà sórí aṣọ funfun, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, etí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo gun àga, mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí etí rẹ̀ ká, mo kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti fi ìka méjì kọjá ìlà mi. Mo tún fa òmíràn, mo kọ ọjọ́ sí òun náà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, àjà wa ti dà bí ojú igi tí wọ́n rẹ́ lulẹ̀, ìlà nínú ìlà.

Kọ́ńtírátọ̀ ní àwa là ń da omi sílẹ̀ nígbà tí a bá ń wẹ̀. Mo fi owó ẹyọ lu tááìsì balùwẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọn kan dún gan-gan, àwọn kan dún bí igbá òfìfo. Gbogbo àwọn tó dún bí igbá wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ń gbà jáde. Ẹnjiníà tí a mú wá ṣí méjì péré lára wọn. Ohun tó yẹ kí wọ́n kùn sí abẹ́ rẹ̀ kí omi má baà wọlé, wọn kò kùn ún rárá. Kọnkéré lásán ló wà níbẹ̀, ó tutù rinrin, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká láìgbẹ.

Àṣìṣe méjì la ṣe. Èkíní, oṣù mẹ́sàn-án la fi ń gba "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" lórí WhatsApp. Èkejì ló dùn mí jù: ọkọ mi kò lè fara dà á mọ́, ó ní kí wọ́n hú gbogbo tááìsì kí ẹni tí kọ́ńtírátọ̀ yóò rán tó wá wò ó. Ohun tí lọ́yà wọn kọ́kọ́ béèrè nìyẹn: ẹ̀rí dà? Fọ́tò wà, ẹnjiníà wa wà, àjà tí mo fa ìlà sí wà. Síbẹ̀, owó tí wọ́n san kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí àtúnṣe jẹ. Ó dá mi lójú pé à bá rí gbogbo rẹ̀ gbà ká ní a ní sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Ẹ bá mi ṣe é báyìí: ẹ dá omi dúró, ẹ fi nǹkan gbé ògiri tó fẹ́ wó ró, nítorí kọ́ọ̀tù yóò bi yín ohun tí ẹ ṣe kí ìbàjẹ́ má baà pọ̀ sí i. Àmọ́ ẹ má hú ohunkóhun kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí i pé "wá wò ó kí ọjọ́ báyìí tó pé".

* * *

Ẹnìkan tó ní iṣẹ́ ilé kíkọ́ lòun ń jẹ bínú sí wa. Ó ní onílé kì í kó ewé kúrò nínú gọ́tà, wọ́n á gbin igi sẹ́bàá ògiri, wọ́n á lu ihò sára òpó kí wọ́n lè fa wáyà, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án wọ́n á wá sọ pé iṣẹ́ òun ni kò dára. Ó ní àwọn bíríkìlà tó bá òun ṣiṣẹ́ nígbà náà ti túká, ìwé ti sọnù, báwo lòun ṣe máa gbèjà ara òun?

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ìdí tí gbèdéke fi wà nìyẹn. Níbi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni iye ọdún. Ó ní ọdún 4 tó. Ọdún 4 tó fún ọ̀dà, ó tó fún ilẹ̀kùn, bóyá ó tó fún páìpù. Kò tó fún ìpìlẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ máa ń wú bí òjò bá ti rọ̀ púpọ̀, á tún sún kì nígbà ọ̀dá. Ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jìn tó lè fara da èyí lọ́dún mẹ́ta, mẹ́rin, kí igun kan tó rì. Ẹni tó bá ní kí onílé pẹjọ́ láàárín ọdún 4, ó ń sọ pé kó pẹjọ́ kí ilé tó sọ̀rọ̀.

Ibi tí nǹkan ń lọ sì ń kọ mí lóminú. Ní 2023, Florida dín ọdún 10 aago gígùn kù sí 7. Lọ́dún yẹn kan náà, Texas gbà kí akọ́lé ilé gbígbé tó bá fún onílé ní ìwé ìdánilójú, ọdún 1 fún iṣẹ́ ọwọ́, 2 fún omi àti iná, 6 fún egungun ilé, dín ọdún 10 kù sí 6. Ìlú Ọba ló gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn iná tó jó ilé gogoro Grenfell ní London ní oṣù kẹfà 2017, tó pa ènìyàn 72, wọ́n ṣe òfin ní 2022 pé ẹni tí ilé rẹ̀ kò ṣeé gbé nítorí iṣẹ́ burúkú lè pẹjọ́ láàárín ọdún 15, bí ilé náà bá sì ti parí ṣáájú ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún yẹn, ọdún 30 sẹ́yìn. Ẹ̀mí ènìyàn méjìléláàádọ́rin ni wọ́n fi mọ̀ pé ọdún 6 kò tó.

Nígbà ọba Hammurabi ní Bábílónì, ó ti lé ní ọdún 3,700 báyìí, òfin kan sọ pé bí ògiri tí akọ́lé kọ́ bá fẹ́ wó, owó ara rẹ̀ ni kó fi tún un kọ́. Kò sí iye ọdún kankan níbẹ̀.

* * *

Ẹlòmíràn béèrè pé: "Ilé-iṣẹ́ tó kọ́ tèmi ti ti ilẹ̀kùn, orúkọ mìíràn ni ọ̀gá wọn ń jẹ́ kiri báyìí. Ta ni kí n pè lẹ́jọ́?"

Ẹ bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ta ló ya àwòrán ilé? Ẹnjiníà wo ló fọwọ́ sí ìpìlẹ̀? Ṣé ìwé ìbánigbófò wà? Ní ilẹ̀ Faransé, òfin 1978 fi í ṣe dandan kí akọ́lé ní ìbánigbófò tó bo ọdún 10 náà, nítorí náà bí ó tilẹ̀ ti kógbá wọlé, ẹni tó ń san owó ṣì wà. Òfin 2022 ti Ìlú Ọba náà gba adájọ́ láyè láti na ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ kan dé orí àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá a tan. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí i pé aago olúkúlùkù lè yàtọ̀. Ọjọ́ tí ẹnjiníà fi àwòrán lélẹ̀ lè ṣáájú ọjọ́ tí ilé parí ní ọdún kan tàbí méjì.

Ẹni tó ra ilé lọ́wọ́ onílé àkọ́kọ́: aago kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́tun nítorí pé ẹ rà á. Èyí tó kù lára rẹ̀ lẹ rà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé ọdún wo ni ilé parí, kí ẹ tó sanwó.

* * *

Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè padà wá lálẹ́ àná:

"Ẹ ṣeun gan-an. Mo tú àpótí ìwé. Àdéhùn wa rèé, ojú ìwé 11: 'Akọ́lé fi ọwọ́ sọ̀yà fún ìpìlẹ̀, òpó àti ògiri ilé fún ọdún 10 láti ọjọ́ tí onílé gba kọ́kọ́rọ́.' Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀! Mo tún rí àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ ní ọdún karùn-ún: 'Mo ti rí i, ìpìlẹ̀ ló sọ̀ díẹ̀, a máa tọ́jú rẹ̀.'"

Inú mi dùn débi pé mo dìde kúrò lórí àga. Ọdún 10 tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìyẹn, ọdún 8 lẹ sì wà. Ọdún 6 òfin tó fi ń dẹ́rù bà yín lè má jẹ́ ìdènà rárá bí ìlérí yìí bá jẹ́ èyí tó ń lọ títí di ọdún kẹwàá. Ìyẹn ni kí lọ́yà wò fínnífínní, nítorí àwọn kọ́ọ̀tù kan máa ń ka ọjọ́ tí akọ́lé kọ̀ láti mú ìlérí ṣẹ, àwọn kan máa ń ka ọjọ́ ìgbàlé. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn náà jẹ́ ẹ̀rí pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìpìlẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹ̀rí ni o, mi ò sọ pé ó dá aago dúró.

Ẹ má tíì jó. Ẹ ka ojú ìwé 12 àti 13. Ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sọ̀yà bẹ́ẹ̀ ló ní ìrù: "bí onílé bá fi ìwé sọ fún akọ́lé láàárín ọjọ́ 30 tó rí i," tàbí "bí onílé kò bá jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án." Bí irú rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún lọ́yà kí ó tó béèrè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bákan náà bóyá òfin ibẹ̀ ní kí ẹ kọ́kọ́ fún akọ́lé ní ìwé ìkìlọ̀. Ní Florida, ó kéré tán ọjọ́ 60 ṣáájú kí ẹ tó pẹjọ́ ni ìwé yẹn gbọdọ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ní California, ó ní ọjọ́ 14 láti fèsì. Ní méjèèjì, fífi ìwé yẹn ránṣẹ́ lè fa gbèdéke gùn, ṣùgbọ́n ẹ bi lọ́yà bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí níbi tí ilé yín wà.

Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé 11 àti àtẹ̀jíṣẹ́ náà lálẹ́ yìí, kí fóònù tó sọnù. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán, ẹ ya ìyẹn náà, kí ọjọ́ hàn. Ẹnjiníà tí kò mọ akọ́lé yín rárá ni kí ẹ mú wá, kí ó wo ìpìlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún da sìmẹ́ǹtì sí i. Bí akọ́lé bá tún pè pé òun ń bọ̀ wá dí i lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ sọ fún un pé kó fi ìwé sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Kí ẹ sì jẹ́ kí n mọ ohun tó wà ní ojú ìwé 12.